Mo fẹ́ di olùkọ́ orin ní ilé ìwé: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ Ìlú Aró:

Ẹ̀yin àgbà inú iṣẹ́ ìkọ́ni, mo kí yín o. Òṣogbo ni mo ti ń kọ̀wé yìí, ọmọ ọdún 21 sì ni mí. Láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọ ọdún 12 ni mo ti ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Etí ni mo fi kọ́ ọ. Bí ẹnikẹ́ni bá dá orin, mo máa ń bá a gbé e kí ó tó kọ ìlà kejì tán, mo sì mọ sol-fa, ìyẹn dò re mí, dáadáa nítorí pé òun ni ẹgbẹ́ akọrin wa ń lò. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé ìwé orin tí wọ́n kọ sórí ìlà márùn-ún síwájú mi, bí ẹyẹ alápàáńdẹ̀dẹ̀ tó bà sórí wáyà iná ni mo ń rí i.

Lọ́dún tó kọjá, olùkọ́ kan ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àdúgbò wa ní kí n wá bá òun kọ́ àwọn ọmọ ní orin ayẹyẹ ìparí ọdún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ṣe é, iṣẹ́ náà sì wọ̀ mí lára débi pé n kò fẹ́ ṣe nǹkan mìíràn mọ́. Àmọ́ mo tún rí i pé n kò mọ iṣẹ́ ọ̀hún. Ọmọ 64 ni wọ́n kó sínú kíláàsì kan, kò sí ohun èlò orin kankan, nígbà tí yóò sì fi di ọjọ́ kẹrin, ohùn mi ti há pátápátá.

Bàbá mi fẹ́ kí n lọ kọ́ iṣẹ́ ìṣirò owó. Wọ́n ní ta ló ń san owó oṣù fún ẹni tó ń kọrin. Mo ti ní kírẹ́díìtì márùn-ún, Gẹ̀ẹ́sì sì wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ilé ìwé girama wa kò ní olùkọ́ orin, nítorí náà n kò ṣe ìdánwò orin rí. Ṣé NCE ni kí n lọ ṣe ni, àbí yunifásítì tààrà, àbí díplọ́mà ilé ẹ̀kọ́ orin MUSON ní Èkó? Ohun èlò wo ni kí n fi kún kíbọ́ọ̀dù? Kí ni mo sì lè bẹ̀rẹ̀ láti ìsinsìnyí kí n tó wọ ilé ẹ̀kọ́ rárá?

Tíṣà Àgbà:

Ọmọ mi, o kú ìfẹ́ iṣẹ́. Ọdún 33 ni mo fi kọ́ orin ní ilé ìwé ìjọba kí n tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Lọ ṣe NCE. Ọdún mẹ́ta ni, òun sì ni ìwé ẹ̀rí tó kéré jù lọ tí òfin ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè yìí fọwọ́ sí fún ẹni tí yóò kọ́ni. Oǹdó kò jìnnà sí ọ, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ orin tó ti pẹ́ sì wà ní Adéyẹmí, tó ti di yunifásítì ẹ̀kọ́ báyìí. Bí o bá parí rẹ̀, o lè gba ọ̀nà Direct Entry wọ ọdún kejì ní yunifásítì, kò sì sí ohun tó sọnù. Ìdí tí mo fi ń sọ bẹ́ẹ̀ ni pé ní NCE, wọn kò ní jẹ́ kí o gbàgbé pé ọmọ ni o fẹ́ kọ́. Wọn yóò kọ́ ọ bí a ṣe ń kọ nóòtì ẹ̀kọ́, bí a ṣe ń pín iṣẹ́ sáà sí ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àti bí ọpọlọ ọmọ ọdún mẹ́fà ṣe yàtọ̀ sí ti ọmọ ọdún 13. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò rán ọ lọ sí ìdánrawò ìkọ́ni tí gbogbo ayé ń pè ní TP. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ olùkọ́.

Mo bá ọkùnrin kan ṣiṣẹ́ rí tí ó ń tẹ dùùrù bí ẹni pé wọ́n bí i mọ́ ọn. Bí ó bá tẹ̀ ẹ́ ní ìpéjọ òwúrọ̀, àwọn olùkọ́ mìíràn a máa dúró gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá wọ kíláàsì JSS1, kì í tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí àwọn ọmọ náà tó gba kíláàsì mọ́ ọn lọ́wọ́. Orin tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò mọ ọ̀nà tí yóò gbà dé ọ̀dọ̀ wọn. Kò pé ọdún kan kí ó tó lọ.

Ohun mìíràn tí ó yẹ kí o mọ̀ ṣáájú ni pé ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ní JSS, orin kò dá dúró lórí àtẹ àkókò ẹ̀kọ́. Ó wà nínú Cultural and Creative Arts, pẹ̀lú àwòrán yíyà, eré orí ìtàgé àti ijó. Ìyẹn ni pé ọ̀gá ilé ìwé lè gba ọ́ gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ orin, kí ó sì ní kí o wá kọ́ àwọn ọmọ bí a ṣe ń po ọ̀dà pupa mọ́ ti aláwọ̀ ewé. Má bínú sí i. Kọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀ kí ó má bàa bá ọ lójijì.

Atẹdùùrù Èkó:

Mo bọ̀wọ̀ fún Bàbá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilé ìwé ìjọba ni wọ́n sọ. Ilé ìwé aládàáni ni mo wà ní Èkó, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ sì yàtọ̀. Nígbà tí mo lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, wọn kò kọ́kọ́ béèrè ìwé ẹ̀rí. Wọ́n gbé orin ìsìn olóhùn mẹ́rin tí n kò rí rí síwájú mi, wọ́n ní kí n tẹ̀ ẹ́ lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ní kí n kọ́ ọmọ mẹ́jọ ní apá áltò rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 15. Ẹni tí kò lè ka orin lórí ìlà márùn-ún kò ní dé ìdánwò kejì yẹn rárá.

Àbúrò, sol-fa tí o mọ̀ ti ṣe ìdajì iṣẹ́ fún ọ, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú tín-ín-rín rẹ̀. Ẹni tó mọ ibi tí dò wà nínú orin ti mọ ohun tó ṣòro jù. Ohun tó kù ni kí o kọ́ ibi tí dò yẹn ń jókòó sí lórí ìlà, nítorí pé ó máa ń ṣí kúrò níbi kan lọ síbòmíràn bí kọ́kọ́rọ́ orin bá ṣe yí padà. Mú ìwé orin ìsìn tó ní àmì ìlà márùn-ún. Lójoojúmọ́, mú orin kan tí o ti mọ̀ ní àmọ̀dunjú nínú rẹ̀, kọ sol-fa apá òkè sábẹ́ àwọn àmì náà pẹ̀lú pẹ́ńsùlù, kí o sì tẹ̀ ẹ́ bí ojú rẹ ti ń tẹ̀ lé ìwé. Ní ọjọ́ kejì, pa sol-fa náà rẹ́ kí o tún un tẹ̀. Bí mo ṣe yọ ara mi kúrò nínú etí nìkan nìyẹn, oṣù mẹ́rin ló sì gbà mí.

Lẹ́yìn náà, ṣe ìdánwò ABRSM, àjọ ìdánwò orin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìpele mẹ́jọ ni. Bí o bá fẹ́ ṣe ti ohun èlò ní ìpele kẹfà sókè, ó di dandan kí o kọ́kọ́ yege nínú ìpele karùn-ún ti ìmọ̀ orin inú ìwé, tàbí ìdánwò mìíràn tí wọ́n gbà dípò rẹ̀. Díplọ́mà MUSON, tó jẹ́ ọdún méjì, náà dára púpọ̀ fún ẹni tó fẹ́ kí ọwọ́ àti etí òun mú. Àwọn ilé ìwé aládàáni mọ orúkọ rẹ̀ ní Èkó.

Ìyá Akọ́mọ:

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ọmọ yìí ṣe àṣìṣe tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣe. Ìwé ẹ̀rí orin ọ̀tọ̀, ìwé ẹ̀rí ìkọ́ni ọ̀tọ̀. ABRSM àti MUSON yóò fi hàn pé o mọ orin, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ọ́ di olùkọ́ lójú ìjọba. Bákan náà ni B.A. Music rí. Ẹ̀gbọ́n mi lo ọdún mẹ́rin ní yunifásítì, ó jáde pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí tó dára, ó wá lọ tọrọ iṣẹ́ ìjọba, wọ́n ní PGDE rẹ̀ dà, ìyẹn ìwé ẹ̀rí ìkọ́ni tí ẹni tó ti gba dìgírì ń lọ ṣe. Ó tún padà lọ jókòó ní kíláàsì nígbà tó ti bí ọmọ méjì.

Bí o bá fẹ́ yunifásítì, wo ohun tí ó wà lẹ́yìn orúkọ ìwé ẹ̀rí náà dáadáa. Bí Education bá wà níbẹ̀, ẹ̀kọ́ ìkọ́ni ti wà nínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ B.A. lásán, irú èyí tí wọ́n ń fúnni ní Ifẹ̀ tàbí ní Nsukka, mọ̀ pé PGDE ń dúró dè ọ́ níwájú. Ti àwọn tó kàwé nípa ìmọ̀ ẹ̀rọ orin ní Pólì Ìbàdàn rí bẹ́ẹ̀ náà. N kò ní kí o má lọ o. Mo kàn ní kí o fi ọdún náà sínú ìṣirò rẹ.

Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ni TRCN, àjọ tó ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀. Ìdánwò wà níbẹ̀, orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe é. Ẹni tó ní NCE ń ṣe ìsọ̀rí D, ẹni tó ní dìgírì ìkọ́ni tàbí PGDE ń ṣe ìsọ̀rí C. Kò sí orin nínú rẹ̀ rárá, ọ̀rọ̀ ìkọ́ni àti ìwà olùkọ́ ni. Àwọn ilé ìwé aládàáni tó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe náà ti ń béèrè rẹ̀ báyìí, Atẹdùùrù, ẹ má ṣe bí ẹni pé kò kàn yín.

Atẹdùùrù Èkó:

Ó kàn wá, Màmá. Ọdún kejì tí mo dé ibi iṣẹ́ ni wọ́n béèrè tèmi, mo sì sáré kiri. Mo gba àtúnṣe yín.

Ọmọ Àyàn:

Mo ti ka gbogbo rẹ̀ láti òkè, mo sì bọ̀wọ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ti sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ó yà mí lẹ́nu pé ènìyàn mẹ́ta ti gba ọmọ ilẹ̀ Yorùbá nímọ̀ràn lórí ẹ̀kọ́ orin, kò sì sí ẹni tó dárúkọ ìlù kan ṣoṣo. Ó ní òun kò ní ohun èlò ní kíláàsì. Àwọn ọmọ 64 yẹn kò ha ní ẹnu, wọn kò ha gbọ́ Yorùbá bí?

Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama ní ìlù. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, n kì í mú ìlù wọ kíláàsì. Mo máa ń kọ ọ̀rọ̀ márùn-ún sójú pátákó: igba, tí í ṣe 200, igbá, tí a fi ń bu omi, igbà, tí adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ, ìgbà, tí í ṣe àkókò, àti ìgbá, tí a ń jẹ. Màá ní kí wọ́n pè wọ́n. Màá wá ní kí wọ́n pa ẹnu dé kí wọ́n kùn wọ́n nímú: re re, re mí, re dò, dò dò, dò mí. Lẹ́yìn ìyẹn, ọmọ kan yóò jáde wá kùn ọ̀kan nínú wọn, àwọn tó kù yóò sọ èyí tó jẹ́. Láàárín ogójì ìṣẹ́jú, gbogbo kíláàsì ti ń fi etí ya ohùn mẹ́ta sọ́tọ̀, kò sì sí ẹni tó sọ fún wọn pé ẹ̀kọ́ orin ni wọ́n ń kọ́. Ìgbà yẹn ni mo tó ń gbé gángan jáde, tí n ó sì fún ọmọ kan ní kọ̀ǹgọ́ kí ó fi lu ohun tí ó ti ń kùn, bí ó ti ń fi apá fún ọsán pọ̀.

Nígbà tó bá yá, kó mẹ́fà nínú wọn jọ. Jẹ́ kí ọ̀kan di gúdúgúdú mú, kí ó máa lù ú bákan náà láì yẹsẹ̀. Kí ìsáájú àti kẹríkẹrì máa dá a lóhùn. Ìyáàlù nìkan ni kí ó máa sọ̀rọ̀. Ọmọ tó bá lè di ìlù tirẹ̀ mú nígbà tí ìlù ẹlòmíràn ń dún sí i létí ti mọ ohun tí àwọn akọrin olóhùn mẹ́rin yín ń wá. Àbúrò, Òṣogbo lo wà, ìlú tó kún fún onílù. Wá àgbà kan lọ bá ní ọjọ́ Sátidé, kí o bẹ̀ ẹ́ kí ó kọ́ ọ. Gúdúgúdú ni kí o kọ́kọ́ kọ́, má sáré dé ìdí ìyáàlù.

Atẹdùùrù Èkó:

Ẹ̀kọ́ igba yìí dára, màá jí i lò ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi ìkìlọ̀ kan kún un. Dò re mí tí a fi ń kọ́ àmì ohùn kì í ṣe dò re mí orí kíbọ́ọ̀dù. Nínú ọ̀rọ̀ sísọ, ohùn ń rọ̀ sílẹ̀ bí gbólóhùn bá ṣe ń gùn sí i, débi pé ohùn òkè tó wà níparí gbólóhùn lè má ga tó ohùn òkè tó wà níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Re orí kíbọ́ọ̀dù kì í kúrò lójú kan. Mo ti rí àwọn ọmọ tí olùkọ́ wọn kò ṣàlàyé èyí fún, tí wọ́n ń ro pé ohun tó wà láàárín dò àti mí nínú orin ni ohun tó wà láàárín ohùn ìsàlẹ̀ àti ohùn òkè nínú ọ̀rọ̀. Jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ìgòkè àti ìsọ̀kalẹ̀ ni a ń yá lò, kì í ṣe ìwọ̀n rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ló wà nídìí àìṣedéédéé orin ìsìn tí a túmọ̀, tí a sì fi sínú ohùn orin òkèèrè, tí ọ̀rọ̀ fi ń yí padà lẹ́nu wa bí a ti ń kọ ọ́. T. K. E. Phillips, tó tẹ dùùrù fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Cathedral Church of Christ ní Èkó, jà fitafita lórí rẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ ni Fẹlá Ṣówándé, gbajúmọ̀ atẹdùùrù àti olùdá orin, sì ti kọ́ dùùrù ní kékeré. Olùkọ́ orin tó bá máa kọ orin fún ọmọ Yorùbá gbọ́dọ̀ mọ ìhà méjèèjì.

Ìyá Akọ́mọ:

Ọmọ Àyàn, òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n ẹ kò sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Òbí yóò dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé. Ọ̀kan yóò ní nǹkan òrìṣà ni ìlù tí olùkọ́ ń kọ́ ọmọ òun, òmíràn yóò ní ẹ̀sìn òun kò fàyè gba orin àti ijó. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi nígbà mẹ́ta, nílé ìwé tó ju ẹyọ kan lọ.

Ohun tí mo ń ṣe báyìí ni pé ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, mo máa ń kọ ìwé ránṣẹ́ sí àwọn òbí, ọ̀gá ilé ìwé a sì fọwọ́ sí i. Mo ń sọ irú orin àti ìlù tí a ó lò nínú rẹ̀, mo sì ń sọ pé inú ìwé ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ló ti wá. Bí òbí kan bá ṣì kọ̀, mo ń fún ọmọ rẹ̀ ní iṣẹ́ mìíràn láàárín kíláàsì náà: kí ó máa ka ìlù, kí ó máa kọ orúkọ ohun èlò, tàbí kí ó máa pàtẹ́wọ́. N kì í lé ọmọ síta. N kì í sì í bá òbí jiyàn lórí ìgbàgbọ́ rẹ̀ lójú ọmọ.

Ọmọ Àyàn:

Ẹ ṣeun, Màmá. Ó máa ń dùn mí, nítorí pé ìlù kan náà ni wọ́n máa ń pè wá láti wá lù níbi ìgbéyàwó wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà yín sàn ju ìbínú mi lọ.

Tíṣà Kékeré Ìbàdàn:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jẹ́ kí èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lo ọdún mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́ náà sọ díẹ̀. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ni mo wà, ọmọ 58 ló wà ní kíláàsì mi. Mo pín wọn sí ọ̀nà mẹ́rin. Ìpín kan ń kọrin, ìkejì ń pàtẹ́wọ́ sí i, ìkẹta ń fi igi méjì lu ara wọn, ìkẹrin ń gbọ́, yóò sì sọ ibi tí àwọn tó kù ti ṣìnà. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́jọ, wọn a pààrọ̀. Ìpín tó ń gbọ́ yẹn ló gbà mí lọ́wọ́ ariwo, torí kò sí ohun tí ọmọdé fẹ́ràn tó kí ó mú àṣìṣe ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ohun èlò kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ ìṣòro. Agolo mílíìkì tí a da òkúta wẹ́wẹ́ sí ń dún bíi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kékeré. Ìdérí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí a dá lu, tí a sì sín sórí wáyà, ń ṣe iṣẹ́ ṣaworo. Ìgò mẹ́jọ tí a bu omi sí ń fún wa ní dò dé dò. Bí omi bá ṣe pọ̀ sí i nínú ìgò ni ohùn rẹ̀ ń ga sí i.

Múra sílẹ̀ fún ohun àìròtẹ́lẹ̀ náà. Lọ́dún 2024 tí ìjọba dá orin orílẹ̀-èdè àtijọ́ padà, èyí tí wọ́n lò láti 1960 títí di 1978, èmi ni gbogbo ilé ìwé kọjú sí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, àti ọ̀gá àti olùkọ́. N kò mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ju ìlà méjì lọ. Òru ni mo fi kọ́ ọ.

Onímọ̀ Físíìsì:

Àtúnṣe kékeré. Bí ẹ bá fi igi lu ìgò, bí omi bá ṣe pọ̀ sí i ni ohùn ń rẹlẹ̀ sí i, nítorí pé ìgò àti omi inú rẹ̀ ló ń gbọ̀n, wọ́n sì ti wúwo. Bí ẹ bá fi ẹnu fẹ́ ìgò náà ni ohùn ń ga sí i, nítorí pé afẹ́fẹ́ tó kù lókè omi ló ń gbọ̀n, àyè rẹ̀ sì ti kéré. Ẹ dán méjèèjì wò níwájú àwọn ọmọ.

Tíṣà Kékeré Ìbàdàn:

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ lu ìgò méjì ní ilé ìdáná wa ni. Òótọ́ ni. Fífẹ́ ni a máa ń fẹ́ tiwa, ìdí nìyẹn tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀.

Olùdarí Akọrin Abẹ́òkúta:

Gbogbo yín ti fo ọ̀rọ̀ ohùn tó há. Ọmọ mi, ohùn rẹ ni ohun èlò tí o ó máa lò jù lọ títí wàá fi fẹ̀yìn tì, kò sì sí ẹni tí yóò tà á fún ọ bí ó bá bàjẹ́. Má fi ohùn pa ariwo. Kọ́ kíláàsì náà ní àtẹ́wọ́ ìpè àti ìdáhùn: o pa márùn-ún lọ́nà kan, wọ́n pa á padà bẹ́ẹ̀, kíláàsì dákẹ́. Máa mu omi. Bí ohùn bá ti ń há, dákẹ́ pátápátá, má ṣe máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, torí ìyẹn náà ń ni ọ̀nà ọ̀fun lára.

Ohun kejì ni ibi tí o ti ń dá orin. Àgbà, pàápàá ọkùnrin, máa ń dá a sísàlẹ̀ nítorí pé ibẹ̀ ló rọ̀ ọ́ lọ́rùn, àwọn ọmọ a wá máa kùn bí ẹni tó ń sùn. Àwa a ní wọn kò mọ orin kọ. Gbé e sókè díẹ̀. Lórí kíbọ́ọ̀dù rẹ, bẹ̀rẹ̀ láti D tó tẹ̀ lé C àárín, kí orin àwọn ọmọ kékeré má fi bẹ́ẹ̀ kọjá B tó wà lókè rẹ̀ ní oṣù àkọ́kọ́. Ṣọ́ra fún ohùn ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí a ti ń fi igbe dán agbára wò. Ọmọ tó ń ké kò gbọ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ohun kẹta kan ilé ìwé girama. Láti nǹkan bí ọmọ ọdún 12 sókè ni ohùn àwọn ọmọkùnrin ń já. Ọmọ tó jẹ́ sopránò rẹ tó dára jù lọ ní JSS1 lè dé ní JSS3 kí ohùn rẹ̀ máa fọ́ sí méjì lórí ìlà kan. Àwọn olùdarí kan máa ń ní kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin. Wọ́n ṣe é fún èmi náà, ọdún mẹ́sàn-án sì kọjá kí n tó tún kọrin níwájú ènìyàn. Kọ apá kékeré fún un, ohùn mẹ́rin tàbí márùn-ún tó sún mọ́ra, ní ibi tí ohùn rẹ̀ bá wà ní ọ̀sẹ̀ náà. Yóò dúró.

Ọmọ Ìlú Aró:

N kò mọ bí mo ṣe lè dúpẹ́. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ sol-fa sábẹ́ orin ìsìn bí Ẹ̀gbọ́n Atẹdùùrù ti wí, orin mẹ́ta ni mo sì ti tẹ̀ lórí ìwé. Mo tún ti lọ bá bàbá onílù kan nítòsí ọjà. Wọ́n ní kí n jókòó kí n máa wò ní ọjọ́ Sátidé méjì àkọ́kọ́, kí n má fọwọ́ kan nǹkan kan.

Ìbéèrè méjì ló kù. Àkọ́kọ́, mo rí fèrè recorder oníke ní ọjà, ṣé ó yẹ kí n rà á? Èkejì ni ti bàbá mi, ọ̀rọ̀ owó.

Tíṣà Kékeré Ìbàdàn:

Rà á, kò wọ́n. Ṣùgbọ́n béèrè èyí tí wọ́n pè ní Baroque, má ra èyí tí wọ́n pè ní German. Ti German mú kí F rọrùn fún ìka, àmọ́ F sharp rẹ̀ kì í fẹ́ bọ́ sípò. Ọwọ́ òsì ni yóò wà lókè, B, A àti G ni wàá kọ́kọ́ kọ́, kí o sì fẹ́ ẹ pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ń fẹ́ ọbẹ̀ gbígbóná. Nígbà tí o bá ń kọ́ ọmọ, kí oníkálùkù ní tirẹ̀ kí wọ́n má ṣe máa pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́nu.

Atẹdùùrù Èkó:

Ní ti owó, n kò ní purọ́ fún ọ. Owó oṣù ilé ìwé nìkan kò lè gbọ́ gbogbo bùkátà mi. Mo ń kọ́ ọmọ mẹ́fà ní dùùrù ní ilé wọn lẹ́yìn ilé ìwé, mo sì ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní ọjọ́ Àìkú. Tí mo bá pa á pọ̀, ó ju ohun tí àwọn kan tí a jọ jáde tí wọ́n wà ní báńkì ń gbà lọ. Ṣùgbọ́n n kì í ní ìsinmi Sátidé, ó sì yẹ kí bàbá rẹ gbọ́ ìyẹn náà.

Tíṣà Àgbà:

Iṣẹ́ ìjọba kò san púpọ̀, àmọ́ ìgbéga wà níbẹ̀ bí ìwé ẹ̀rí bá ti ń ga sí i. Àwọn olùkọ́ orin kò pọ̀. Láàárín ọdún 33 yẹn, ilé ìwé márùn-ún ni wọ́n gbé mi lọ, n kò sì bá olùkọ́ orin mìíràn ní ọ̀kankan nínú wọn.

Ọmọ Ìlú Aró:

Mo ka gbogbo ohun tí ẹ kọ sí bàbá mi létí lálẹ́ àná, títí kan ọ̀rọ̀ PGDE àti ti Sátidé. Wọn kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá ní tí mo bá ń lọ béèrè fọ́ọ̀mù ní Oǹdó, kí n dúró kí àwọn sìn mí lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n bi Tíṣà Àgbà ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ṣé ẹ ń gba owó ìfẹ̀yìntì yín?

Tíṣà Àgbà:

Mò ń gbà á, ọmọ mi. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ṣùgbọ́n mò ń gbà á. Bá mi kí bàbá rẹ.